Owó káńsù: Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe

Kò sí ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Yorùbá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò, tí kì í ní akápò. Kò sì sí akápò tó lè jókòó jẹ́jẹ́ títí ọdún á fi yí po láìka ìwé owó sétí ẹgbẹ́. Iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò sọ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò bá yé á nawọ́ sókè, akápò á sì dáhùn. Bí akápò bá ní òun kò ní í sọ, pé kí wọ́n ṣáà gbà pé òun kò jalè, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àṣà wa ni pé owó tó bá ti jẹ́ ti gbogbo èèyàn, gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ìṣirò rẹ̀.

Èyí ló fi yani lẹ́nu pé owó kan wà tó ju ti gbogbo ẹgbẹ́ ìlú lọ, tó ń wọlé lóṣooṣù lórúkọ wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ ìṣirò rẹ̀ rí. Owó ìjọba ìbílẹ̀ ni, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí owó káńsù.

Ibi tí owó náà ti ń wá

Lóṣooṣù ni àwọn aṣojú ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ máa ń pàdé láti pín owó tó bá wọlé sínú àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí. Owó epo rọ̀bì wà níbẹ̀, owó-orí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà níbẹ̀, owó ibodè náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìdá 13 nínú 100 owó epo sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde, wọ́n á pín ìyókù. Nínú 100 náírà, ìjọba àpapọ̀ ń mú náírà 52 àti kọ́bọ̀ 68, àwọn ìpínlẹ̀ 36 ń mú náírà 26 àti kọ́bọ̀ 72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 sì ń mú náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60.

Owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT tún wà lọ́tọ̀. Nínú èyí, ìdá 35 nínú 100 ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn olówó Èkó nìkan ló ń san án o. Ẹni tó bá ra káàdì fóònù lábúlé láti fi pe ọmọ rẹ̀ nílùú òkèèrè ti san nínú rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan bá ń sọ pé owó ìjọba kì í ṣe owó baba ẹnì kankan, ẹ dá wọn lóhùn pé owó baba gbogbo wa ni.

Iṣẹ́ tí owó náà wà fún kò farasin. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 kà wọ́n sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà àti ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó pàǹtírí, àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Wọ́n tún ní ipa tí wọ́n ń kó nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ètò ọ̀gbìn àti ètò ìlera. Bí a bá wò ó dáadáa, láti ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn ní ìgbèríko títí dé ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín, kò síbi tí kò ti ní í bá káńsù pàdé.

A mọ ohun tó wọlé, a ò mọ ohun tó jáde

Ní ọdún 2004, nígbà tí Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná owó lábẹ́ Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣooṣù jáde nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa á rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń du ìwé ìròyìn mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn fẹ́ńdọ̀, tí kálukú ń wá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ó ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé irú owó bẹ́ẹ̀ ń wọ ìlú wọn tí afárá kékeré kan ṣì wó sílẹ̀ láti ọdún yìí wá.

Ohun tó dára ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó rí i tí wọ́n ru àpò kòkó wọ sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́, àmọ́ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á, kò lè sọ pé òun mọ iye tó kan òun. Iye tó kúrò l'Ábújá ni ìwé ìròyìn ń tẹ̀ jáde. Iye tó dé ọ̀dọ̀ káńsù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ tibí yọ tọ̀hún, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, èló ni wọ́n gbé e fún un, ibo ló bá iṣẹ́ náà dé, ìwọ̀nyí kò sí nínú rẹ̀.

Ìkòkò àjọni, ṣíbí kan ṣoṣo

Ìwé òfin kan náà tó fún káńsù níṣẹ́ ló ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àsùnwọ̀n kan tí òun àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ yóò jọ máa lò. Inú àpò yìí ni owó àwọn káńsù ń wọ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó dùn létí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá di ṣíbí mú ló ń bu ọbẹ̀, gómìnà ló sì di ṣíbí mú ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Wọ́n á yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á yọ ti àwọn lọ́balọ́ba, nígbà mìíràn wọ́n á tún yọ èyí tí alága káńsù fúnra rẹ̀ kò lè ṣàlàyé. Bí aráàlú bá lọ bá alága, á ní owó kò dé ọwọ́ òun. Bí wọ́n bá lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti fún alága. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń yí po, tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ẹni tó yẹ kó di mú.

Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń tọpinpin ìrìn owó, ìyẹn NFIU, gbìyànjú láti dá àṣà yìí dúró. Wọ́n pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2019, owó tó bá ti wọ inú àpò àjọni náà kò gbọdọ̀ gba ibòmíràn lọ ju àpò káńsù tó ni ín. Wọ́n tún ní káńsù kò gbọdọ̀ gba owó tútù tó ju 500,000 náírà lọ jáde ní bánkì lóòjọ́. Àwọn gómìnà fàáké kọ́rí, wọ́n ní àṣẹ náà tako ìwé òfin.

Nígbà tó di ọdún 2024, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fágbèmí, gbé àwọn ìpínlẹ̀ 36 lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún náà, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé kò bófin mu kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa di owó káńsù mú tàbí kó máa ná an fún wọn. Wọ́n ní kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, pàápàá káńsù tí aráàlú fi ìbò yàn. Ìlù dún, ijó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìdájọ́ yìí pé ọdún kan ní oṣù keje, ọdún 2025, ọ̀nà àtijọ́ náà ni owó ṣì ń gbà.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2004, wọ́n dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró nítorí pé ìpínlẹ̀ náà, tí Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà rẹ̀ nígbà náà, dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 sílẹ̀ kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù kejìlá ọdún náà pé ààrẹ kò lágbára láti dá owó náà dúró. Ó di ọdún 2007, lábẹ́ Ààrẹ Umaru Yar'Adua, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Owó tó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà ni. Nígbà tó tún di ọdún 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ń du ipò alága káńsù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, owó ìjọba ìbílẹ̀ 30 ibẹ̀ sì há sáàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn ńlá ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó máa di ṣíbí mú. Bí káńsù tiẹ̀ gba ṣíbí lọ́wọ́ gómìnà lónìí, tí kò bá sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ alága, ọwọ́ ló yí padà, ebi ìlú kò yí padà.

Àwọn baba wa ti béèrè rí

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gbọ́njú ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà. Owó-orí wúwo, owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà oko kò ṣe é gbà, àwọn agbowó-orí káńsù sì ń fojú àwọn àgbẹ̀ rí màbo. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ẹ ń fi owó tí à ń san ṣe? Nígbà tí wọn kò rí ẹni dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ di ogun. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́dọ̀ àgbẹ̀ àti lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù keje, ọdún 1969. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Íbàdàn láti tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló lọ bá Tàfá Adéoyè, aṣáájú wọn, ní Akànràn kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀, ìjọba sì mú owó-orí wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì.

Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn baba wa fi ra ìdáhùn nígbà náà. Lónìí, òfin wà tó sọ ìbéèrè kan náà di ẹ̀tọ́, tí kò la ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì lò.

Òfin tó la ẹnu wa

Òfin náà ni Òfin Òmìnira Ìròyìn, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní FOI. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti gbé àbádòfin rẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i tán ní ọdún 2007, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Ààrẹ Goodluck Jonathan ló wá buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2011. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀, lọ́dún kan náà.

Àwọn oníròyìn ló jà jù fún òfin yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé òfin oníròyìn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún ìwé tàbí àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà, lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún un. Ó tún lè lọ fúnra rẹ̀ kó fi ẹnu sọ ọ́. Bó bá ti fi ẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbọ́rọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì fún un ní ẹ̀dà kan mú lọ sílé.

Ọjọ́ méje péré ni òfin fún ilé-iṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un, wọn kò sì gbọdọ̀ gba ju owó tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà ìwé náà lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún lè gba ilé ẹjọ́ lọ láàárín 30 ọjọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé kò yẹ kí wọ́n kọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà kó tó gbé e sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún kan ló ń dúró dè é.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin Àbújá ni, pé kò kan àwọn. Ẹjọ́ kan tó ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, lórí àjọ tó ń gbógun ti àrùn Éèdì níbẹ̀, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ó de ìpínlẹ̀, ó sì de ìjọba ìbílẹ̀. Àwíjàre yẹn ti tán nìyẹn.

Bí ẹ ṣe lè béèrè

Tótó, ó ṣe bí òwe lójú ẹ̀yin àgbà: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ má bá ìjà lọ sí káńsù. Òṣìṣẹ́ tí ẹ máa bá lórí àga lè jẹ́ ọmọ yín, ó sì lè má mọ̀ pé òfin náà wà. Ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá.

Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yín ní ojú àti ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n sọ gbogbo owó tí wọ́n ti jẹ, kò sí ìwé tí wọ́n máa gbé sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, “A fẹ́ rí iye tó wọlé fún káńsù wa láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kẹfà, àti iye tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín,” ìwé wà fún èyí. Bí ẹ bá ní, “Ta ló gba iṣẹ́ kànga ọjà wa, èló ni iṣẹ́ náà, èló ni ẹ ti san, ọjọ́ wo ló yẹ kó parí?” ìwé wà fún èyí náà. Ẹ tún lè béèrè ètò ìṣúná ọdún, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ abúlé yín wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní ọ̀gá àgbà tó ń yẹ ìwé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ẹ lè béèrè àbọ̀ ìyẹ̀wò rẹ̀ náà.

Ẹ má dá lọ. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kẹ́ ẹ jọ lọ, lórúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá kọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí láti ọjọ́ náà ni ọjọ́ méje ti bẹ̀rẹ̀.

A kò ní í tan yín jẹ pé ó rọrùn. Àwọn ohun kan wà tí òfin gbà wọ́n láyè láti fi pamọ́, bí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ìwádìí ọ̀daràn tí kò tíì parí, àti ọ̀rọ̀ ara ẹni àwọn èèyàn. Òṣìṣẹ́ lè ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá títí tó máa fi sú yín. Ilé ẹjọ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹjọ́ sì lè falẹ̀. Ẹjọ́ Ẹdó tí a mẹ́nu bà yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé òpin. Ṣùgbọ́n káńsù tó mọ̀ pé ìlú kan máa ń béèrè, tó mọ̀ pé ẹ̀dà ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀tọ̀ lojú tí á fi máa wo ìlú náà.

Ó sì yẹ kí alága tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ fẹ́ ìbéèrè yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n ti yọ owó náà tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwé á fi hàn, ìlú á sì mọ ibi tó yẹ káwọn kọjú sí. Ìdáhùn tó wà nínú ìwé ló lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń fi “kò sówó” bo ìwà wọn mọ́lẹ̀.

Àwa náà ní tiwa níbẹ̀. Bí alága bá wá síbi ìsìnkú, tó ná owó fún onílù, à ń pè é ní ọmọ gidi. Bó bá fún baálẹ̀ ní àpò ìrẹsì kan lọ́dún, à ń gbàdúrà fún un. A kì í béèrè bóyá owó oṣù rẹ̀ tó o, a kì í sì béèrè idi tí ilé ìwòsàn abúlé kò fi ní oògùn ibà. Ẹni tó gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ akápò níkọ̀kọ̀ kò ní í lẹ́nu láti nawọ́ sókè nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé owó.

Ìpàdé ẹgbẹ́ oṣù tó ń bọ̀ kò jìnnà mọ́. Nígbà tí akápò bá ka ìwé tiyín tán, tí ẹ gbà á wọlé, ẹ yan ẹni mẹ́ta tí yóò lọ gbọ́ ìṣirò ti káńsù wá.